Ìgò Aràn Ẹja

Mo ba iṣẹ́ Àǹtí mi jẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nítorí pé ẹ̀rù aràn tó ti kú ń bà mí. Títí dòní, bí nọ́ọ̀sì bá fi sípírítì nu apá mi, yàrá Àǹtí ní Igbein ni òórùn rẹ̀ ń gbé mi lọ.

Àǹtí, àbúrò bàbá mi, ń kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì. Ó máa ń la inú àrọ̀ àti èpìyà tó bá rà létí odò Ògùn, á ṣa aràn inú wọn sínú ìgò kéékèèké tó kún fún sípírítì, á sì kọ orúkọ ẹja sára ìgò kọ̀ọ̀kan.

Lójú èmi ọmọdé, ọtí sípírítì yẹn ló ń pa àwọn aràn náà. Bí ọtí náà bá dá lójú wọn, wọ́n á jáde. Ta ló fẹ́ ṣọ́ gbogbo ìgò yẹn? Nígbà tí Àǹtí jáde, mo fi ṣíbí kó gbogbo wọn sínú ìgò ńlá kan, mo dé e pa, mo gbé òkúta lé e. Èmi akọni.

Nígbà tó dé, mo ní, “Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Mo ti tì wọ́n mọ́lé.”

Ó gbé ìgò náà sójú oòrùn, ó ń wò ó.

Ìyá mi ní, “Ṣebí wọ́n ṣì pé, Àǹtí? Ẹ jẹ́ kó tún wọn pín.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nítorí ìgò yẹn ni Àǹtí ò ṣe gboyè lọ́dún náà.

Lọ́jọ́ yẹn, kò lù mí. Ó ní, “Wọ́n pé, ìyàwó wa. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló máa sọ ẹja tí òun ti inú rẹ̀ wá fún mi?”