Módù Tó Ń Jó

Òórùn bẹntiróò àti rọ́bà gbígbóná ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti dé ìsọ̀ àbúrò mi ní Lọ́tò, kí n tó rí igi kajú tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Mowé tá à ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ò tíì kún fún èèyàn nígbà náà. Rẹwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ni àbúrò mi. Èmi ni mo mú un wá láti Ọ̀yọ́, mo bá a wá yàrá, òun ló sì ń tọ́jú ògbólógbòó ọkọ̀ ọkọ mi.

Ayé SÁÀPÙ ni, tí ìjọba já owó náírà wálẹ̀, ojúlówó ẹ̀yà ọkọ̀ ti di àwátì. Ọkọ̀ wa á gbéra nílé wẹ́rẹ́, á dé Ìbàfò, á kàn dákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń darí iná fún pulọ́ọ̀gì ló ń jó. Módù ni àwọn rẹwáyà ń pè é. Àbúrò mi fi àlòkù tó rí rà pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jó. Ni ọkọ mi bá ní, "Ó ń yọ èyí tó dáa tà, ó ń fi òkú ẹrù sí tèmi."

Láti ìgbà náà, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ń ra módù l'Ékòó. Á ju páálí rẹ̀ nù níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ògbólógbòó dí i, á wé ohun náà mọ́ áńkáṣíìfù, á sì dúró ti àbúrò mi gbágbáágbá títí yóò fi dè é tán. Síbẹ̀, ó ń jó. Ìfura náà ràn mí. Bí ọmọ ìyá mi bá wọ bàtà tuntun, màá máa ro ibi tó ti rówó rà á.

Ìgbà tí ọkọ̀ wá kú lọ́nà Ìfọ̀, tí ibà ń ṣe ìyá ọkọ mi nínú rẹ̀, tí oòrùn sì ń pa wá, ọkọ mi búra pé bó bá tún jó, ọlọ́pàá ni yóò fi gbé àbúrò mi.

Àìsàn ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó ráyè, èmi ni mo lọ ra òmíràn. Páálí lódidi ni mo gbé lọ sí ìsọ̀. Àbúrò mi ṣí i, láílọ́ọ̀nù kékeré kan já bọ́, gíríìsì funfun wà nínú rẹ̀.

"Àǹtí, ibo lẹ ti rí èyí?"

"Inú páálí náà ni."

Ó jókòó sórí táyà. "Òun là ń fi sí ìdí módù kí ooru má baà jó o. Mo bi Bùrọ̀dá bóyá nǹkan kan bá a wá. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á ni. Mo bá panu mọ́."

Mo sọ fún ọkọ mi pé inú páálí tó ń jù nù ni gíríìsì náà máa ń wà. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Lọ́tò. Ohun tí wọ́n bára wọn sọ, kò sẹ́ni tó sọ fún mi nínú wọn. Ọkọ̀ náà ò kú mọ́ títí a fi tà á. Àmọ́ kí ọdún tó yí, àbúrò mi kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìfọ̀. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

Mo ti rò ó títí, ọ̀rẹ́ mi. A ò rí olè kankan mú. Ibi tá a ti ń ṣọ́ olè gan-an la ti ń ba ọkọ̀ ara wa jẹ́. Ẹni téèyàn bá ń fojú olè wò, kì í sọ ohun tó mọ̀ fúnni mọ́, bó bá tiẹ̀ jẹ́ òun ni oògùn ohun tó ń dani láàmú.