Ọjọ́ Tí Ìjọba Wá Ṣí Amù Wa Wò

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé yìí. Mo ti fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run títí ó fi sú mi, n ó sì tún fẹjọ́ rẹ̀ sùn síbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́.

Mo rántí ìgbà tí òmìnira ṣì dà bí aṣọ tuntun lára wa, tí a kò tíì fọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí. Ọyẹ́ ń fẹ́ lórí ilẹ̀ pupa Kétu. Eruku a rọra gbé ara rẹ̀ sókè láàárọ̀, a dúró sí òfuurufú bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ, débi pé àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Odomẹ̀ta a kọ́kọ́ jẹ́ òjìji kí wọ́n tó di ènìyàn. Inú eruku yẹn ni mo wà pẹ̀lú sẹtifíkà ilé ìwé mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mo gbà pé ayé ń dúró dè mí níbì kan.

Bàbá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ìyá mi ń din gààrì, àwa ọmọ sì ń jẹ èyí tí ọjà bá kọ̀. Ìgbà náà ni delegé, ẹni tó ń ṣojú ìjọba lábúlé wa, kéde pé ìjọba fẹ́ ran àwọn opó tí kò ní lọ́wọ́. Wọn yóò máa fún ìyá ní owó ìrànwọ́ lóṣooṣù, wọn yóò sì mú ọmọbìnrin kan tó ní sẹtifíkà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, láti kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, kí ó padà wá rí iṣẹ́ ìjọba ṣe. Àyè kan ṣoṣo ló kan abúlé wa. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rí ara mi nínú aṣọ funfun. Bí mo bá ń bó ẹ̀gẹ́, ọmọ tuntun ni mo ń rí lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó bá mọ òkè Kétu mọ̀ pé omi ni ọrọ̀ wa. Lẹ́ẹ̀rùn, àkùkọ ló ń sìn wá lọ sí kànga, oòrùn ló ń sìn wá bọ̀. Ìdí nìyí tí delegé fi sọ fún òṣìṣẹ́ tí ìjọba fẹ́ rán wá pé kó má wo aṣọ, kó má wo òrùlé, amù omi ni kó ṣí wò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò gbọ́ èyí. Bó bá tilẹ̀ gbọ́, n kò rò pé ìbá yàtọ̀. Nígbà tí ìbẹ̀wò ku ọ̀la, ó yá omi ní ilé mẹ́ta, ó pọn amù wa kún dé ẹnu, ó sì fi ìyókù wọ́n ilẹ̀ kí eruku má bàa ba bàtà àlejò jẹ́. Ó yá àga. Ó yá adìẹ.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́,” ni ìyá mi ń sọ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ògiri, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ṣe ń pe ará ilé ọkọ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. “Àìní wa ni wọ́n fẹ́ wá wò.”

“Ìyàwó, àlejò ń bọ̀ nílé àbúrò mi. Ṣé orí àìní ni kó jókòó sí?”

Èmi náà kò gbọ́n jù ú lọ. Mo yá yẹtí, mo lé tìróò, mo sì ń ka Faransé sí ewúrẹ́ létí.

Ará etí òkun ni òṣìṣẹ́ náà, kò gbọ́ Nàgó, èdè wa. Delegé tó yẹ kó túmọ̀ ti wá àwáwí lọ sílé ara rẹ̀. Èmi ni mo wá di ògbufọ̀. Ó ṣí amù kìn-ín-ní, ó ṣí èkejì, ó sì wo ilẹ̀ tútù. Ó béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó la ń jẹun lóòjọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín.

“Sọ fún un pé a ń jẹ, ó ń ṣẹ́kù. Ajá ilé yìí gan-an ń kọ oúnjẹ.”

A kò ní ajá.

Ó béèrè ẹni tó ń gbọ́ bùkátà wa.

“Sọ fún un pé àbúrò mi kò fi ìyàwó sílẹ̀ fún ìyà. Èmi wà.”

Nínú gbogbo agbo ilé yẹn, èmi àti àlejò nìkan la gbọ́ Faransé. Mo lè sọ fún un pé ebi ń pa wá, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Gbólóhùn náà wà lẹ́nu mi, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ìyá mi ń wò mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ mi pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láìyọ ẹyọ kan, tòun ti ajá tí a kò ní. Mo tilẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Òṣìṣẹ́ náà yìn mí pé Faransé mi dára, ó jẹ adìẹ, ó fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ìlà gbọọrọ kan pa orúkọ wa rẹ́.

Ọmọ delegé ló lọ sí Àjàṣẹ́, lórúkọ àbúrò delegé kan tó jẹ́ opó, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. Amù ilé wọn gbẹ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti kún. Mo kí ọmọ náà kú oríire, mi ò fi inú kí i.

Ọdún méje ni mo fi din gààrì kí n tó rí ọ̀nà padà sí ilé ìwé, láàárín àwọn ọmọ tí mo lè pọ̀n. Mo di olùkọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ti kú kó tó jẹ nínú owó oṣù mi.

Mo ti dàgbà báyìí ju ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ nígbà tó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì máa ń wá bi àwọn opó àdúgbò mi léèrè bí nǹkan ti rí. Mo máa ń gbọ́ ìdáhùn wọn láti yàrá mi: “A dúpẹ́, kò burú.” Màá pa fèrèsé dé.

N kò dárí ji ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo lọ kí i nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, mo sì bi í léèrè ohun tí mo ṣe fún un. Ó dijú. Lẹ́yìn náà ló sọ pé: “Èmi kò lè fi ẹnu ara mi pe ilé àbúrò mi ní ilé ebi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo gbọ́ Faransé, ọmọ mi. Ní gbogbo ìgbà tí o fi ń bá a sọ̀rọ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí o yí ọ̀rọ̀ mi padà.”