Ẹsẹ̀ Tí A Kò Rí Nínú Ẹkù Epo

Ràfátù kì í pariwo. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí àwọn obìnrin tó ń fún epo ní abúlé kan lẹ́bàá Banigbé, ọ̀pọ̀ ló yínmú sí i. Olórí tí ohùn rẹ̀ kò dé ìdí ọ̀pẹ kejì, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Wọn ò mọ̀ ọ́n ni. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, Ràfátù á kàn ká ìró rẹ̀ sókè, á wọ inú ẹkù, kòtò ńlá olómi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, á máa bá iṣẹ́ lọ. Kò ní pẹ́ tí àwọn oníjà á fi tẹ̀ lé e wọlé.

Nígbà révolution, ìjọba ológun tó ní òun fẹ́ pa àṣà àtijọ́ rẹ́, lọ́dún tí wọ́n ń ṣọdẹ àjẹ́ kiri, ẹkù náà yí padà. Láàárọ̀, tí ọyẹ́ bá bo gbogbo ìdí ọ̀pẹ, wọ́n á gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń tẹ ẹyìn. Wọ́n á débẹ̀, wọn ò ní í rí ẹnì kan, ṣùgbọ́n ojú omi á ṣì máa mì. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ Victoire kú. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: wọ́n ní Sìdíkátù ni, opó arúgbó tí kò bímọ, tí kò lẹ́ni tó máa gbà á sílẹ̀. Ojo ènìyàn ni wọ́n!

Raphaël, délégué abúlé, aṣojú ìjọba láàárín wọn, ní òun á wá mú un lọ́jọ́ kejì. Àwọn àgbà tí wọ́n ti mú ṣáájú kò padà wálé.

Ẹ̀rù ba Ràfátù débi pé kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n ó mọ Sìdíkátù, ó sì mọ ara rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó mú arúgbó náà lọ́wọ́ wá sídìí ẹkù. Ẹsẹ̀ tí a kò rí ti ń tẹ ẹyìn lọ. Àwọn obìnrin dúró lókèèrè, Victoire wà láàárín wọn.

"Ẹ máa bọ̀ o, ẹyìn á bà jẹ́," ni Ràfátù wí, bí ẹni tó ń pè wọ́n wá jẹun.

Òun àti Sìdíkátù wọlé. Omi náà tutù bí ara òkú. Nǹkan kan fara kan itan Ràfátù, ó kọjá. Ràfátù kò wẹ̀yìn, ó ń tẹ̀ bí nǹkan náà ti ń tẹ̀. Philomène, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn, ó di èjìká Ràfátù mú. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ó ku Victoire nìkan.

Bẹ́ẹ̀ ni Raphaël dé. "Sìdíkátù, jáde!"

Èèwọ̀ ìdí ẹkù ni. A kì í pe ẹni tó ń tẹ ẹyìn jáde kí epo tó léfòó.

"Epo ò tíì léfòó, Raphaël," Ràfátù dáhùn.

"Ah non, ìyá! Révolution ti fòpin sí èèwọ̀!"

"Ó dáa, ọmọ mi. Bọ́ bàtà rẹ, kí o wọlé wá mú un." Ó rọra sún, ó fàyè sílẹ̀ fún un.

Raphaël bọ́ bàtà kan. Níbi tí Ràfátù fi sílẹ̀ yẹn, ẹyìn ń rì, ó ń rú sókè. Raphaël rí i, kò bọ́ bàtà kejì mọ́, ó yíjú sí Victoire. "Ìyá ọmọ, ìwọ náà sọ̀rọ̀ kẹ̀!"

Victoire wo Ràfátù. Ràfátù kò pàṣẹ fún un, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wò ó. Victoire ká ìró rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sínú ẹkù, ó gbé ọwọ́ lé èjìká Sìdíkátù, ó bú sẹ́kún.

"Giri ló pa ọmọ mi, ìyá," ló wí. "Ọwọ́ mi ló kú sí. Giri ni."