Kòkànyín, Ajá Afọ́jú Ilé Gbọ́njúbọ́lá

Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Àkànrán, bí àlejò bá béèrè ilé Ìyá Moyin, wọn kì í dà á láàmú pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀tún àti ọ̀nà òsì. Wọ́n á ní kí ó máa rìn lọ títí yóò fi gbọ́ igbe ajá, kí ó dúró níbẹ̀, kí ó má ṣe dá wọlé. Gbọ́njúbọ́lá lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Aṣọ funfun ló ń rán, sùtánà tí àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ń wọ̀ lọ sílé àdúrà, ọwọ́ rẹ̀ sì dára débi pé àwọn mìíràn ń gbé aṣọ wá láti Akínyẹlé. Òun náà ọmọ ìjọ ni, tọkàntọkàn sì ni.

Ajá mẹ́ta ló ń sìn kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Láoyè, ọkọ rẹ̀, ló mú èyí àkọ́kọ́ wálé, abo ajá pupa kan. Nígbà tí Láoyè kú, àwọn ará ilé ọkọ ní kí wọ́n ta ajá náà, wọ́n ní kí ni opó fẹ́ fi ajá ṣe. Gbọ́njúbọ́lá kò bá wọn jiyàn. Ó kàn sọ ajá náà ní Ẹ̀yìnlàárò, ó sì ń pè é sókè ketekete nígbàkígbà tí wọ́n bá wá kí i. Àwọn baba wa ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò bá fẹ́ sọ sí aládùúgbò lójú, a máa fi sọ ajá lórúkọ. Ọ̀dọ́ ajá kan tẹ̀ lé e, àsìkò tí àwọn kan ń yọjú wo inú ọgbà rẹ̀ láti mọ ẹni tó ń wọlé tọ opó lọ ló sì dé. Ó pe ìyẹn ní Máwobẹ̀. Akọ ńlá tó dúdú bí aró ló ṣe ìkẹta, Ayéńwò lorúkọ tirẹ̀, òun sì ni olórí wọn.

Lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó lọ ra aṣọ ní Ọlọ́runṣògo, ọ̀kadà Mùtíù ló gbé e lọ, òun náà ló sì ń gbé e bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, wọ́n bá àwọn ọkùnrin kan tó pagbo. Ajá kan ló wà láàárín wọn, ó ń yí po lójú kan náà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sọnù. Ọ̀kan nínú wọn ju èérún pákó lù ú. Ajá náà kò yẹ̀ ẹ́. Pákó bà á ní ìhà, ó fò sókè, ó forí sọ gẹdú tó wà níwájú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì bú sẹ́rìn-ín.

"Mùtíù, dúró."

"Màmá, òjò ti ṣú."

"Mo ní kí o dúró."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó la àárín wọn kọjá. Ajá náà gbẹ débi pé a lè ka egungun rẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì funfun bí ẹ̀kọ tútù. Ọkùnrin kan tó sanra di okùn ọrùn rẹ̀ mú.

"Ta ló ni ín?" Gbọ́njúbọ́lá béèrè.

"Ẹni tó ni ín ti kó lọ, Màmá. Ó fi í sílẹ̀ síbí. Àwọn tó ń ta ẹran ajá ń bọ̀ wá mú un nírọ̀lẹ́. Ajá tí kò ríran, kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe láyé? Ilé wo ló fẹ́ ṣọ́?"

"Ìwọ tí o ríran ńkọ́, ilé wo lò ń ṣọ́?"

Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Gbọ́njúbọ́lá gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ní olówó rẹ̀ ti lọ, àbí? Ó ti ní òmíràn."

Ó kó aṣọ tó rà kúrò nínú àpò, ó fi ìborùn rẹ̀ dì í gbé lérí, ó wá rọra gbé ajá náà sínú àpò, orí nìkan ló yọ síta. Mùtíù ń wo gbogbo rẹ̀. Nígbà tó rí i pé orí ọ̀kadà òun ni wọ́n ń gbé ẹrù náà bọ̀, ó tún ọ̀fun ṣe.

"Màmá, ẹ mọ̀ pé mùsùlùmí ni mí. Itọ́ ajá ò gbọdọ̀ kàn mí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ mi ni mo máa kọ ẹnu rẹ̀ sí. Bí o bá ní o ò gbé e, mo máa fẹsẹ̀ rìn, mi ò ní bínú sí ọ."

Mùtíù wo òfuurufú. Ó ṣí ìdí ìjókòó ọ̀kadà, ó fa aṣọ òjò rẹ̀ yọ, ó sì nà án sí i. "Ẹ fi bo òun àtẹ̀yin. Aláàánú l'Ọlọ́run." Òjò pa á dé abúlé, kò sì ráhùn.

Inú ọgbà tí wọ́n ti ń so ewúrẹ́ látijọ́ ni Gbọ́njúbọ́lá fi àlejò náà sí, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ìta gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbó títí ohùn fi há wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ pe Olúwadọ̀tun, dókítà ẹranko tó wà ní Ẹgbẹ́dá. Ó yẹ ajá náà wò láti imú dé ìrù, ó tan iná sí i lójú, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá, ojú yìí ti lọ. Àìsàn ló bà á jẹ́, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Mo máa gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, màá sì fún un ní oògùn aràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni ajá tó fọ́jú láàárín àwọn ajá mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́, abẹ́rẹ́ kan wà tí yóò fi sùn lọ, kò ní mọ ìrora kankan."

"Ṣé ó ń jẹ̀rora báyìí ni?"

"Rárá, mà. Ebi ló ń pa á."

"Ta wá ni abẹ́rẹ́ yẹn wà fún?"

Dókítà fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ sínú àpótí rẹ̀. Ó jókòó lórí òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní kí ó má ṣe máa sún àga àti ìkòkò kiri, nítorí imú àti ẹsẹ̀ ni ajá náà yóò fi mọ ilé. Kí ó máa fún un lóúnjẹ lọ́tọ̀. Kí ó máa mú àwọn yòókù wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kí ó má ṣe kánjú. Ó tún ní bí ó bá lè so nǹkan tó ń dún mọ́ àwọn mẹ́ta náà lọ́rùn, afọ́jú náà yóò máa gbọ́ ibi tí wọ́n wà, kò ní kọ lù wọ́n.

Gbọ́njúbọ́lá wá ṣaworo lọ sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ajá ọdẹ lọ́rùn. Ó yan èyí tí ohùn wọn kò jọra. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ajá rẹ̀ bá ń rìn, ńṣe ni gbogbo ọgbà ń dún ṣìnwínrín.

Moyinolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Alákíà, gbọ́, ó pè é lórí fóònù.

"Mọ́mì, mẹ́ta ò tó yín ni? Ẹ̀yin tí mo ní kẹ́ ẹ wá máa bá mi gbé. Kò sí wàhálà ajá kankan lọ́dọ̀ mi."

"Ohun tí mi ò fi ní wá nìyẹn," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì bi í bóyá ó ti jẹun.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, kò rọrùn. Ajá a máa fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀: bí ọ̀kan bá wo èkejì lọ́nà kan, èkejì á mọ̀ pé kí òun yàgò. Afọ́jú yìí kò rí ìkìlọ̀ kankan. Ó rìn bọ́ sínú àwo oúnjẹ Ayéńwò, Ayéńwò sì fa etí rẹ̀ ya. Gbọ́njúbọ́lá là wọ́n, ẹ̀jẹ̀ yí i láṣọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ajá náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ bóyá ó ti ṣe àṣejù. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó po omi iyọ̀, ó fọ etí náà. Ó so Ayéńwò mọ́ ìdí igi àgbálùmọ̀, ó ní, "Ìwọ lo máa yí padà. Òun ò ní ibòmíì tó ń lọ."

Láàárín àkókò yìí ni Ìyá Ìjọ wá, òun àti obìnrin méjì. Àgbàlagbà ni Ìyá Ìjọ, òun ló dúró ti Gbọ́njúbọ́lá nígbà tí Láoyè kú, tó ń gbààwẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Gbọ́njúbọ́lá kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé àga fún wọn, ó bu omi. Ìyá Ìjọ kò mu omi.

"Gbọ́njúbọ́lá, a rí ìran nípa ilé yìí. Òkùnkùn la rí nínú ọgbà rẹ. Ajá tí kò ríran, tí ṣaworo sì ń dún yí i ká tọ̀sán tòru, kí ni ká ti pe ìyẹn? Àwọn ará àdúgbò ti ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá o ti ń bọ nǹkan."

"Mà, kí ó lè mọ ibi tí àwọn yòókù wà ni ṣaworo yẹn. Dókítà ló gbà mí nímọ̀ràn."

"Aṣọ mímọ́ lò ń rán. Lé ajá náà lọ. Bí o ò bá lé e, ìjọ á wá ẹlòmíràn tí yóò rán aṣọ ìkórè."

Aṣọ ìkórè ni iṣẹ́ tó tóbi jù fún un lọ́dún, ti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Òkìtì aṣọ náà wà lórí tábìlì, ó ti gé díẹ̀ nínú rẹ̀. Gbọ́njúbọ́lá dìde. Ó ká a jọ, èyí tó gé àti èyí tí kò tíì gé, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kí ó má baà rún. Ó tún kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyá Ìjọ bí a ti ń fún àgbà ní nǹkan.

"Aṣọ yín nìyí, mà. Ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí irun ajá kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì mí lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ajá yìí ò ní jáde."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ló wá béèrè, bóyá kí ọ̀rọ̀ má baà le jù, "Kí tiẹ̀ lorúkọ ajá ọ̀hún?"

Gbọ́njúbọ́lá kò tíì sọ ọ́ lórúkọ títí di ìgbà náà. Ó wo obìnrin náà, ó wo ọgbà ewúrẹ́.

"Kòkànyín," ó ní.

Obìnrin náà rò pé òun ni wọ́n ń dá lóhùn, inú sì bí i. Gbọ́njúbọ́lá yíjú sí ọgbà, ó gbé ohùn sókè: "Kòkànyín! Kòkànyín, máa bọ̀!" Ajá náà kò tíì mọ̀ pé òun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn, ó gbórí sókè, ìrù rẹ̀ ń lu ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ló yé wọn. Ìyá Ìjọ gbé aṣọ sí apá, wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Gbọ́njúbọ́lá wọ sùtánà rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó lọ sílé àdúrà bí ìṣe rẹ̀. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ dìde lọ jókòó níbòmíràn. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀, ó kọrin sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, ó ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ta gbágùúdá ẹ̀yìnkùlé. Ẹran dín nínú ìkòkò rẹ̀, àwọn ajá náà sì jẹ ẹ̀bà bíi tirẹ̀.

Ẹ̀yìnlàárò ló kọ́kọ́ gba àlejò. Ó ti darúgbó, ìrìn rẹ̀ kò yá mọ́, èyí sì bá afọ́jú lára mu. Kòkànyín á fetí sí ṣaworo ìyá arúgbó, á tẹ̀ lé e lẹ́yìn dé ibi omi, á tẹ̀ lé e padà. Nígbà tó yá, ó ń dá lọ. Máwobẹ̀ fẹ́ bá a ṣeré, ó sì kọ́ láti máa gbó lẹ́ẹ̀kan kí ó tó fò mọ́ ọn. Ayéńwò ló le. Ó pẹ́ tó ń kùn bí Kòkànyín bá ti sún mọ́ ọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, Gbọ́njúbọ́lá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó rí i tí Kòkànyín ń fi imú wá òjìji igi àgbálùmọ̀ lọ tààrà síbi tí Ayéńwò dùbúlẹ̀ sí. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó mú igi lọ́wọ́. Ayéńwò gbórí sókè, ṣaworo rẹ̀ dún. Afọ́jú dúró. Ayéńwò wò ó, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó tún gbórí lélẹ̀. Kòkànyín dùbúlẹ̀ sí àyè náà. Obìnrin yìí dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kún fún omi, inú sì ń bí i pé kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó rí i.

Ìkórè dé, ẹlòmíràn ló rán aṣọ. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí àwọn ènìyàn ń tú jáde nílé àdúrà, Gbọ́njúbọ́lá kó ajá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ó gba ojú ọ̀nà ńlá kọjá láàárín wọn, Kòkànyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ dẹ̀. Ó dé iwájú Ìyá Ìjọ, ó kúnlẹ̀ lórí eruku.

"Ẹ kú ìkórè, mà. Ẹ kú ọdún."

Ìyá Ìjọ wo ajá, ó wo ẹni tó kúnlẹ̀. "A ó ṣe púpọ̀ rẹ̀," ó ní, ó sì yísẹ̀ padà. Títí dòní, kò tíì tún wọ ilé Gbọ́njúbọ́lá.

Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n rán fún àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í tú lápá. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé tirẹ̀ wá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, láàárín ọ̀gbìn gbágùúdá, ó fi ìró bo aṣọ náà mọ́ra. Obìnrin tó béèrè orúkọ ajá ni.

"Ẹ yí padà," Gbọ́njúbọ́lá sọ fún un láti ojú fèrèsé. "Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo ti ń gbaṣọ."

Ó yí padà, ó gba iwájú wọlé lójú gbogbo àdúgbò. Kòkànyín tẹ̀ lé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ wá, ó gbé imú lé e lẹ́sẹ̀, ó ń gbóòórùn. Obìnrin náà fà sẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán," Gbọ́njúbọ́lá ní. "Bí ó ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó máa gbé aṣọ rẹ̀ lọ."

Obìnrin náà dúró.