Àna Àbdùlgàfár Kì Í Ṣe Ẹni Kẹsàn-án

Àbdùlgàfár tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò lọ sí Topo kò fojú rí eré béésìbọ́ọ̀lù, tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn sì ń fi igi gbá a, rí, ṣùgbọ́n ó ní ẹgbẹ́ kan nínú eré orí fóònù rẹ̀, orúkọ ẹbí àti tirẹ̀ ló sì fi sọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀. Bí wọ́n bá pàdánù lónìí, líìgì yóò lé wọn.

Ibi tó ti ń to ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbá àti ẹni tí yóò gbá kẹ́yìn ni àna rẹ̀, Alàájì Mùkáílà, ti yọjú wo fóònù lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi ni ẹni kẹsàn-án, ẹni ìkẹyìn? Ọmọ tí mo gbé jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ló ń ṣíwájú mi? Eré sísá mi wá gba máàkì mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ìka ló yọ̀."

Kíá ló gbé bàbá síwájú. Eré náà kì í fúnni ní máàkì kún èyí tó wà nílẹ̀, nítorí náà ó bu ti àwọn mẹ́jọ yòókù kí eré sísá àti agbára àna rẹ̀ tó pé ọgọ́rùn-ún.

Gbogbo ìgbà tó bá kan bàbá, bọ́ọ̀lù a fò kọjá ọ̀run keje. Àwọn tó kù ò lágbára àtigbé igi nílẹ̀. Méjìlélógún sí mẹ́ta ni ẹgbẹ́ kejì fi lù wọ́n, líìgì sì lé wọn.

"Ta ni ọ̀lẹ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa yẹn?" Alàájì bèèrè.

"Èmi ni, bàbá."

"Mo ti fura láti ọjọ́ yìgì."