Òfin "Mo Wà" Lójú Omi Ọ̀jọ́

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èmi àti Alhaja, ìyá ọkọ mi, fi jáde nílé wa ní Ìbà. Àbúrò wọn ló kú ní erékùṣù tí wọ́n bí wọn sí, a fẹ́ lọ kí àwọn ọmọ olóògbé. Ọkọ mi sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá Rìsí, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: bá mi mú màámi bọ̀." Mo rẹ́rìn-ín, mo bi í pé ṣé mo fẹ́ lọ tà wọ́n ni.

Kẹ̀kẹ́ márúwá gbé wa gba Òkokomáíkò dé etí omi Ọ̀jọ́. Kòtò pọ̀ lọ́nà débi pé ìbàdí ti ń dun Alhaja kí a tó débẹ̀. A ra ògì gbígbóná àti àkàrà, wọn ò lè jẹ ju ẹyọ kan lọ. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni owó ọkọ̀ ojú omi. Nínú mọ́tò, ibi tó wù ọ́ lo máa jókòó sí. Lójú omi, ọlọ́kọ̀ ló máa nawọ́ sí ibi tí wàá wà, kí ọkọ̀ má baà fì. Húnsù, ọmọ Ègùn, ni ọlọ́kọ̀ wa, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Òjò ká wa mọ́ àárín ọ̀sà. Igi kan tó rì sábẹ́ omi ló gún ìdí ọkọ̀. Kí n tó pariwo, ọkọ̀ ti dojú dé, gbogbo wa ti bọ́ sómi. A ò pọ̀: Húnsù, káfíńtà kan, ìyá ọmọ ọwọ́ kan, èmi àti Alhaja. A rọ̀ mọ́ ọkọ̀.

Húnsù ní kí ẹnikẹ́ni má lúwẹ̀ẹ́ lọ wá ilẹ̀. A so gèlè àti ìborùn wa pọ̀ di okùn, a fi de ara wa mọ́ ọkọ̀. Ìyá ọmọ ọwọ́ àti ọmọ rẹ̀ la gbé sókè. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn níhà tí ìgbì ti ń wá. Lẹ́yìn náà Húnsù ṣe òfin kan: òun á máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á máa dáhùn pé, "Mo wà." Ẹni tí kò bá dáhùn, kí ẹni tó sún mọ́ ọn gbá a létí.

Ó ní, "Bí òtútù bá wọra, oorun ló ń tẹ̀lé e. Ẹni tó bá sùn, ó ti lọ nìyẹn."

Alhaja ní kí wọ́n má pe àwọn. "Tẹ̀sùbáà ni mò ń kà. Bí mo bá dákẹ́, Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Káfíńtà ní, "Ẹ ṣé, màmá. Ẹ bá wa bẹ̀ Ẹ́."

Húnsù wò mí. Ṣé èmi ìyàwó ilé ni màá wá ní kí wọ́n gbá ìyá ọkọ mi létí? Mo gbójú sílẹ̀.

Òfin náà ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìyá ọmọ ọwọ́ dákẹ́, Húnsù gbá a létí, ó sunkún, ó ní òun wà. Nígbà tí oorun fẹ́ gbé èmi náà lọ, káfíńtà fún mi ní ìgbátí kan tí à bá torí ẹ̀ jà lọ́jọ́ mìíràn. Mo rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ò yí mọ́ lọ́wọ́ Alhaja. Mo sọ lọ́kàn mi pé wọ́n ń sinmi ni, kí n má da àdúrà wọn rú.

Nígbà tí àwọn apẹja dé, gbogbo wa tí Húnsù ń pè ló ní a wà. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí Alhaja, ó fọwọ́ kan ọrùn wọn, ó bá ṣí fìlà rẹ̀ fún òkú.

Mo mú wọn bọ̀ wálé bí ọkọ mi ṣe bẹ̀ mí. Mo sọ òfin Húnsù fún un. Ó ní, "Ẹ̀ ń pe ara yín?"

"A ń pe ara wa."

"Ẹ pe màámi?"

Mo ní wọ́n ní kí a má pe àwọn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ kò tíì tù mí nínú. Bàbá ọkọ mi máa ń pẹ́ lórí ẹní ìkírun báyìí. Mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, màá pè wọ́n. Inú máa ń bí wọn, wọ́n á ní irú ìyàwó wo nìyí. Mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi dáhùn.