Ọ̀bẹ Tí Bàbá Ìyàwó Mi Rọ

Ìgbà tí àwọn sójà ní kí gbogbo wa máa tò sórí ìlà ni mo ń fẹ́ ìyàwó mi sọ́nà. Tíṣà ni mí nígbà náà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá ìyàwó mi náà, ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Wọ́n kọ́kọ́ sin ehoro, ehoro sá lọ. Wọ́n sin oyin, oyin lé aládùúgbò wọlé. Níkẹyìn, wọ́n gbé irin sípíríǹgì mọ́tò lọ bá alágbẹ̀dẹ kan ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin pé kó kọ́ àwọn níṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Àfẹ́sọ́nà mi ti ta mí lólobó pé ọjọ́ yẹn ni bàbá máa sọ bóyá kí àwọn ẹbí mi wá tọrọ òun, tàbí kí n jókòó sílé mi jẹ́ẹ́jẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí n tó dìde tán, bàbá ti na ọ̀bẹ oko kan sí mi. Ó gùn, ó ń dán, igi ọsàn ni wọ́n fi ṣe èèkù rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni, kí n fi gé ẹ̀ka igi tó wà nílẹ̀ wò, kí n sọ bó ṣe rí.

Mo ṣá igi náà, ọ̀bẹ ta padà. Mo tún ṣá a, èèpo kàn ṣí díẹ̀. Mo wá ń fi í rẹ́ ẹ bí ẹni ń fa ayùn, òógùn sì bo ẹ̀wù tí mo yá wọ̀. Ká sòótọ́, eyín mi ìbá tètè já igi yẹn ju ọ̀bẹ yẹn lọ.

Bàbá ní, "Báwo ló ṣe rí?"

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Ìbẹfun kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi pé ẹni tó bá mú irin lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ purọ́, torí irin kì í dárí jini bíi Jésù. Mo ti kàwé o, síbẹ̀ ahọ́n mi ò yí. Ta ni yóò sì bú iṣẹ́ ọwọ́ àna rẹ̀ kó tó di àna? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ lórí koríko, mo nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ sòkòtò, mo wá ní, "Ó mú gan-an, sà."

Bàbá wo ọ̀bẹ, wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọ́n wá ní kí n gbé e, kí n tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e. Lójú mi, ìyàwó ti lọ nìyẹn.

"Kò mú rárá, sà. Ẹ má bínú."

Ìyá ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. Wọ́n ní àwọn ti ń sọ ọ́ tipẹ́, pé ẹ̀kọ gan-an kò bẹ̀rù ọ̀bẹ yẹn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó ti dán an wò ló mú un dání tó ń yìn ín, títí kan pásítọ̀ ìjọ àwọn.

"Ìwọ nìkan lo kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ kó o tó purọ́. Sọ fún àwọn ará ilé rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Inú mi dùn débi pé mo tún dọ̀bálẹ̀ sórí koríko tòun tọ̀bẹ.

Ọ̀bẹ yẹn ni bàbá fi ta wá lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó. Kò tíì gé nǹkan kan dòní. Yàrá wa ni ìyàwó mi ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí mo bá pẹ́ kí n tó wọlé, á kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́, kó tó béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀.